Orí Kẹrin: Ìdáhùn Tí Títì Èkó Kò Ní Kọ́ Yín

Ẹni tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ ọkọ̀ kó tó mọ ìwé. Láti kékeré ló ti ń sá fún dáńfó ní Ìdúmọ̀tà, tó ń gba àárín kẹ̀kẹ́ Márúwá kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tó sì ti mọ awakọ̀ tó máa dúró yàtọ̀ sí èyí tí kò ní dúró. Nígbà tó bá dàgbà, tó ní òun fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ó máa ń rò pé ìdánwò orí ìwé kò lè le fún òun. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ ti kọ́ láti ọjọ́ yìí wá yàtọ̀ sí ohun tí ìwé òfin ojú pópó sọ, ìwé òfin yẹn sì ni wọ́n máa fi máàkì ìdánwò rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Wọ́n bi yín pé: bí iná ojú pópó bá kúrò ní àwọ̀ ewé tó di yẹ́lò, kí ni awakọ̀ máa ṣe? Ẹni tó ti ń wo dáńfó láti kékeré á dáhùn pé kó tẹná mọ́ ọkọ̀, kó lè kọjá kí iná tó di pupa. Ìdáhùn ìwé ni pé kó dúró, àfi bó bá ti sún mọ́ ìlà ìdúró jù, débi pé bó bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ ẹ̀yìn lè kọlù ú. Nítorí irú ìbéèrè báyìí ni mo ṣe kọ orí yìí. Níbikíbi tí ìwà títì àti òfin ìwé kò bá ti bára mu, òfin ni kí ẹ kọ sínú ìdánwò, òfin náà ni kí ẹ sì máa fi wakọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹ tó jókòó sídìí ìdánwò

Ẹni ọdún 18 sókè ni òfin gbà pé kó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ìyẹn FRSC, fọwọ́ sí ni kí ẹ lọ. Ẹ má fi ara yín lé ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó kàn ní mọ́tò lọ́wọ́. Ẹ máa gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, tó máa ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ní gbogbo àsìkò yìí, àmì "L" gbọ́dọ̀ wà níwájú ọkọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ti ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jókòó tì yín. Àwọn VIO, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ló máa ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò, lórí ìwé àti lójú títì. Bí ẹ bá yege tán ni ẹ tó máa lọ ya fọ́tò, tí wọ́n á sì gba ìtẹ̀ka yín.

Àwọn kan máa pàdé yín lọ́nà, wọ́n á ní àwọn lè bá yín gba ìwé náà láì jẹ́ pé ẹ rí olùdánwò sójú. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìwé tí wọ́n bá rà kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì, ọmọ tó bá já wọ títì kò sì ní bi yín bóyá ẹ ṣe ìdánwò tàbí ẹ ò ṣe é.

Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí àjọ FRSC ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń gbẹ̀mí àwọn èèyàn lemọ́lemọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ sì wà lára wọn. Ní 1977, wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òun náà ló sì ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ọ̀fọ̀ ló bí àjọ náà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka òfin tó dà bíi pé ó le jù, ẹ rántí pé ẹnì kan ti kú kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún ni tiwa

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin 1972, apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà bíi ti àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 2 oṣù náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè bọ́ sí apá ọ̀tún, nítorí pé ọ̀tún ni gbogbo àwọn tó yí wa ká ń gbà, láti Dàhòmì, tó ń jẹ́ Benin lónìí, títí dé Cameroon. Àwọn àgbà ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n rántí bí ó ṣe rí kí wọ́n tó yí i padà.

Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ìdánwò ló rọ̀ mọ́ ọ̀tún yìí. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹni tí kò sáré máa wà. Ọwọ́ òsì ni ẹ máa gbà bí ẹ bá fẹ́ ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo dígí, tí ẹ ti tan tráfíkétọ̀, tí ẹ sì ti rí i pé kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ya ọkọ̀ sílẹ̀ ní kọ́nà, lórí òkè tí ẹ ò rí òdì kejì rẹ̀, ní oríta, tàbí níbi tí ìlà àárín títì kò bá ti gé. Ìlà tó bá gé wẹ́wẹ́ nìkan ni ẹ lè gbà kọjá, bí ọ̀nà bá mọ́. Ní ráńdábáòtù, ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì yín, ló ni ọ̀nà. Ẹ dúró dè é.

Mo fẹ́ kìlọ̀ ohun kan níbí. Ọ̀pọ̀ wa ló ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní London, tó lè fi ìwé ìdánwò ibẹ̀ ránṣẹ́, ìbéèrè ibẹ̀ sì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé náà dára, ṣùgbọ́n òsì ni wọ́n ṣì ń gbà níbẹ̀. Níbi tí ìwé wọn bá ti ní ẹ dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀tún, òsì ni tiwa. Bí ẹ bá há a sórí láì yí i padà, ẹ máa pàdánù máàkì, ẹ sì lè pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú títì.

Àmì tí kò nílò ọ̀rọ̀

Ìrísí àmì ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ kí ẹ tó ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Onígun mẹ́ta tó ní etí pupa ń kìlọ̀: kọ́nà ń bọ̀, ọmọ ilé ìwé ń sọdá, ọ̀nà há. Róbótó tó ní etí pupa ń sọ èèwọ̀: má yà, má wọlé, má kọjá iye eré yìí. Róbótó aláwọ̀ búlúù ń pàṣẹ ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe. Onígun mẹ́rin ń júwe ọ̀nà tàbí ibùdó. Méjì ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe yàtọ̀, kí èèyàn lè dá wọn mọ̀ kódà bí eruku bá bò wọ́n: onígun mẹ́jọ pupa tó ní kí ẹ dúró pátápátá, àti onígun mẹ́ta tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, tó ní kí ẹ fún ẹlòmíràn lọ́nà. Olùdánwò fẹ́ràn láti béèrè ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Ní ti àkọ́kọ́, táyà gbọ́dọ̀ dúró bí títì tilẹ̀ ṣófo. Ní ti èkejì, ẹ lè rọra máa lọ bí kò bá sẹ́ni tó ń bọ̀.

Nípa fèrè, ìwà títì wa burú gan-an. Ìkìlọ̀ ni òfin ṣe fèrè fún, kì í ṣe fún ìbínú, ìkíni tàbí pípe èrò. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn ni èyí ti ṣe pàtàkì jù, irú bíi General Hospital tó wà ní Òdàn, níbi tí aláìsàn ti ń wá oorun tí ariwo Marina kò jẹ́ kó rí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ya ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2014 sọ́tọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọn fèrè. Ó yẹ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá gbọ́ fèrè áńbúláǹsì tàbí ti panápaná, ẹ ya sí ọ̀tún, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ohun tí a máa ń rí ní Èkó ni pé bí áńbúláǹsì bá ti kọjá tán, ọkọ̀ mẹ́ta mẹ́rin á já tẹ̀ lé e, wọ́n á máa fi í gba ọ̀nà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí ìdánwò bá béèrè rẹ̀, ẹ mọ èyí tí ẹ máa yàn.

Wan-wéè, iná ojú pópó àti ọwọ́ ẹ̀ṣọ́

Àwọn títì Erékùṣù Èkó ti wà kí mọ́tò tó dé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó àtijọ́, láti Ìga Ìdúngànrán títí dé Ẹbútè Èrò. Reluwé kékeré tó ń gba afárá Carter wọ ìlú ní 1902 ti ṣáájú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ìdí nìyí tí ọ̀nà ibẹ̀ fi há, tí wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di wan-wéè. Ẹni tó bá gba wan-wéè lódì, ìbáà ṣe nítorí ilé méjì péré, ti rú òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó, kóòtù sì lè gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá kí ìjọba tà á. Kò sí àwáwí pé "mo kàn fẹ́ yà síbí ni". Bí ẹ bá ti kọjá ibi tí ẹ fẹ́ yà, ẹ lọ yí po. Gígùn ìyípo yẹn kò ju ohun tí ẹ máa sọ nù lọ.

Bí iná bá ní kí ẹ máa lọ, tí ẹ̀ṣọ́ LASTMA, àjọ ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ bá na ọwọ́ pé kí ẹ dúró, ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ lẹ máa tẹ̀ lé, nítorí ó rí ohun tí iná kò rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí wọ́n bá dí títì. Ní ọjọ́ Adámú Òrìṣà, nígbà tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde bí wọ́n ṣe jáde ní 20 oṣù karùn-ún 2017, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́tò lójú ọ̀nà Ẹ̀yọ̀. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà tí wọ́n bá júwe, ẹ má gbé ìdènà kúrò kí ẹ lè kọjá.

Tráfíkétọ̀ méjèèjì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa máa ń tàn wọ́n pọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ lọ tààrà ní oríta, tàbí bí òjò bá ń rọ̀ tí ọkọ̀ sì ń sáré lọ. Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ tàbí tó dúró síbi tó lè fa ewu ni iná méjèèjì wà fún. Ẹni tó ń lọ tààrà kò tan tráfíkétọ̀ kankan. Bí òjò bá pọ̀, iná ńlá iwájú ni kí ẹ tàn, kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ìdúmọ̀tà, Balógun àti ẹlẹ́sẹ̀

Ní gbogbo orí yìí, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin gbà láàárín ìlú fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, takisí àti bọ́ọ̀sì. Tírélà àti táńkà ò gbọ́dọ̀ kọjá 45. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há 50 yìí sórí, ó sì gbà pé bí òun kò bá ti kọjá rẹ̀, òun kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n 50 ni òpin. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ sá a. Ní ọjà Balógun tàbí Òkè-Àrìn, ní ọjọ́ tí àwọn oníṣòwò ti gbé ọjà wọn dé etí títì, kìlómítà 20 gan-an lè jẹ́ ìwà ọ̀daràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré 50 ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí ewu, kí ọpọlọ tó rán ẹsẹ̀ lọ sórí bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan ti lè lọ. Ní gbogbo mítà 14 yẹn, ọkọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù. Bí ẹ bá wà ní 10, kò tó mítà 3. Báyìí, ẹ wo ẹni tó wà níwájú yín ní títì Nnamdi Azikiwe láàárọ̀. Alábàárù gbé ẹrù tó ga ju orí rẹ̀ lọ, kò lè yíjú wò yín. Ẹni tó ń ti ọmọlańkẹ́ kò lè dúró lójijì, ẹrù ló ń darí rẹ̀. Ìyá kan pọn ọmọ, ó ń ná aṣọ, ó fi ẹ̀yìn rìn bọ́ sí títì. Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ń sá tẹ̀ lé dáńfó nítorí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ èrò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọ́ òfin ojú pópó, òfin náà kò sì ní kí wọ́n kọ́ ọ kí ẹ tó dá ẹ̀mí wọn sí. Ẹ̀yin lẹ gba ìwé àṣẹ, ọwọ́ yín ni ọ̀ràn wà.

Nítorí náà, bí ìdánwò bá béèrè pé ta ló ni ọ̀nà níbi tí wọ́n fi ìlà funfun àti dúdú sàmì sí fún ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ẹ dúró kó tó gbé ẹsẹ̀, ẹ má fi fèrè lé e. Bí ọkọ̀ iwájú bá dúró níbẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ yà á sílẹ̀. Ẹnì kan ló ń sọdá níwájú rẹ̀ tí ẹ ò rí. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró tó ń já èrò sílẹ̀, ẹ retí pé ẹnì kan á gba iwájú rẹ̀ yọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí ẹ bá páàkì, ẹ kọ́kọ́ wo dígí, nítorí alùpùpù lè máa bọ̀. Ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island láti 1 oṣù kẹfà 2022, ṣùgbọ́n alùpùpù tó ń jíṣẹ́ ẹrù ṣì wà, kẹ̀kẹ́ sì wà. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan sórí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Bí ẹ bá páàkì sórí rẹ̀, ẹ ti lé ìyá arúgbó wọ àárín títì.

Ní tèmi, ẹni tó bá ń kọ́ ọkọ̀ ní Erékùṣù Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tó fẹ́ máa wakọ̀ gbà, láti Àpọ́ńgbọ̀n dé Ìdúmọ̀tà, kó ka àmì tó wà níbẹ̀, kó wo ibi tí àwọn èèyàn ti ń sọdá, kó sì fojú ara rẹ̀ rí bí mọ́tò ṣe ń sún mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ tó. Kò sí ìwé tó lè kọ́ni bẹ́ẹ̀.

Lórí afárá Third Mainland

Afárá yìí, tí wọ́n ṣí ní 1990, gùn tó kìlómítà 11.8 láti Ọwọ́rọ̀ńṣókí dé Erékùṣù. Ẹ ka àmì eré tó wà lórí rẹ̀, òun lẹ máa tẹ̀ lé. Ẹ má gbàgbé iye tí ìwé sọ fún àwọn ọ̀nà mìíràn: ọ̀nà ńlá tó so ìlú pọ̀, 80 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́; òpópónà márosẹ̀, 100. Takisí àti bọ́ọ̀sì, 80 àti 90. Tírélà, 50 àti 60.

Àlàfo ni ẹ̀kọ́ tó wà lórí afárá. Bí ẹ bá wà ní kìlómítà 80, ọkọ̀ nílò nǹkan bíi mítà 53 kó tó dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, láti ìgbà tí ẹ bá rí ewu. Ẹ fi òpó iná kan sàmì: bí ọkọ̀ iwájú bá kọjá rẹ̀, ẹ ka "ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún, èjìlélọ́gọ́rùn-ún". Bí ẹ bá dé ibẹ̀ kí ẹ tó kà á tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin. Èkó bíi Èkó, ẹnì kan á já wọ àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fà sẹ́yìn, ẹ tún fi òmíràn sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lórí afárá, ẹ tan iná méjèèjì, ẹ gbé e dé etí ọ̀tún bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì gbé onígun mẹ́ta ìkìlọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ máa ń gbé e sí kò wúlò, nítorí ẹni tó ń bọ̀ nílò mítà 53 tí mo sọ yẹn. Ewé igi kì í ṣe àmì. Kí èrò má jókòó sínú ọkọ̀ náà, kí wọ́n má sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pe 122, ti FRSC, tàbí 767, ti Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ibi tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji Adélé ni kí ẹ ṣọ́ra jù. Ojú tó ti bá 80 rìn á máa rí 50 bíi pé ọkọ̀ ń fà. Ẹ wo aago eré, ẹ má gbọ́ ti ojú. Ìsàlẹ̀ afárá ni àwọn ọmọdé wà.

Pàràgà, fóònù àti táyà

Wọ́n máa ń béèrè nípa ọtí, akẹ́kọ̀ọ́ á sì dáhùn nípa bíà. Pàràgà tí wọ́n ń tà ní gáréèjì láàárọ̀ kùtù, ọtí ni. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Kò sí omi tútù tàbí kọfí tó ń lé ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àsìkò nìkan ló ń ṣe é. Bí ẹ bá ti lọ sí òde ní Campos tí ẹ sì mu, ẹ fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́. Oògùn ikọ́ tó ń múni sùn náà wà nínú ìbéèrè yìí.

Fóònù: ẹ má gbé e nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, àti nígbà tí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàápàá. Bẹ́líìtì: awakọ̀ àti ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dè é, ẹ̀yìn ni kí ọmọdé sì jókòó, kì í ṣe orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ níwájú.

Ní ti táyà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 2321, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. FRSC ní kí wọ́n má lo táyà tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Tòkúnbọ̀ olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ti kọjá iye yẹn kó tó gúnlẹ̀ sí èbúté.

Lọ́jọ́ ìdánwò

Ẹ ka ìbéèrè tán kí ẹ tó wo ìdáhùn. Ẹ ṣọ́ "kò gbọ́dọ̀" àti "lè", nítorí ìyàtọ̀ wọn ló ń gba máàkì. Bí ìdáhùn méjì bá jọra, ẹ yan èyí tó dín eré kù tàbí tó fún ẹlòmíràn láàyè, kò wọ́pọ̀ kó ṣìnà. Ìbéèrè tí kò bá yé yín, ẹ fò ó, ẹ padà sí i. Bí ẹ bá sì fìdí rẹmi, ẹ lọ kà sí i kí ẹ padà wá. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ dáadáa ló ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín jókòó ṣe ìdánwò yìí. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, pẹ̀lú bírò tiyín.